Ike Ọ̀dà Tí Mo Fi Ṣe Àpótí Fílítà

Eku ló kọ́kọ́ ba àpótí fílítà ọkọ̀ mi jẹ́. Ọkọ̀ náà ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, nítorí pé láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n gógó, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Fíṣíìsì. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé e jáde, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn ìtọ̀ eku sì gbá mi nímú. Wọ́n ti fi eyín lu ẹ̀gbẹ́ àpótí dúdú tí fílítà ń gbé inú rẹ̀, wọ́n kó koríko gbígbẹ àti àkísà sí i, ọmọ eku mẹ́fà sì sùn sórí fílítà, wọ́n pupa, wọn ò tíì lajú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì a máa mí. Bó ṣe ń mu epo ló ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tó sì ń fà, inú àpótí ike kan ló ń gbà kọjá, níbi tí fílítà ti ń sẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀. Bí àpótí yìí bá ti lu, eruku ọ̀nà yóò máa wọlé tààrà, yóò sì máa ha inú ẹ́ńjìnì bí ìgbà tí èèyàn ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Nígbà ọyẹ́, lójú ọ̀nà tiwa, kò ní pẹ́ tí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ yóò fi kú.

Kì í ṣe fàájì ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe. Nítorí bàbá mi ni. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun àti ìyá mi sì ń gbé ní abúlé oko kòkó wọn, èyí tí a ń yà sí lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìsẹ̀ sí Èmùré. Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni ìtọ̀ há a. Wọ́n fi rọ́bà tí ìtọ̀ yóò máa gbà jáde sí i lára ní ilé ìwòsàn kan ní Adó, wọ́n ní kí a máa gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta kí àwọn lè máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kadà ló gbé e láti abúlé dé títì. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tó gun ọ̀pẹ títí ó fi lé ní àádọ́rin ọdún, ẹkún ló ń sun, ó sì ń díbọ́n pé eruku ló kó sí òun lójú. Mo wí lọ́kàn mi pé kò ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mi, ọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Adó, tó sì ti mọ ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ó tú àpótí náà, ó gbọn ilé eku dànù, ó fi ìka ti ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ìdérí náà sì ṣẹ́ sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Tíṣà, èyí ti parí,” ló wí. “Ẹ lọ wá tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́.”

Mo lọ sí Àkúrẹ́. Mo gbé àpótí fífọ́ náà dání láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń ta sípéà pátì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀, iye tó sì pè é ju ohun tó máa ń ṣẹ́kù nínú owó oṣù mi lọ lẹ́yìn tí mo bá ti ra oògùn bàbá mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Irú ọkọ̀ yín ti darúgbó. Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́.” Mo padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí mo fi máa rí orí òkè Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó ṣe é.

Ike ọ̀dà kan wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí a kun pálọ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí ọ̀dà inú rẹ̀ fi bó kúrò. Mo ra fílítà roboto, irú èyí tí àwọn bọ́ọ̀sì akérò ń lò, nítorí ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ihò kan sí ìdí ike náà, mo gé òmíràn sí ìdérí rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa ṣe ẹ̀rọ omi fún mi ní àgékù páìpù. Mo gé sílípáàsì ọmọ mi obìnrin tó ti já, mo fi dí àárín páìpù àti ike kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Páìpù kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ni mo fi túùbù ọ̀kadà tó ti gbó so mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnì, mo sì fi kílíìpù onírin dè é. Gọ́ọ̀mù tí a ń pò pọ̀ láti inú rọ́bà méjì ni mo fi rẹ́ gbogbo etí rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé méjì gbáko ni mo lò lórí rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ìyàwó mi jáde wá, ó wo ike àti páìpù tó yọ jáde lára rẹ̀, ó ní, “Dádì, ṣé ọkọ̀ lẹ ń tún ṣe ni, àbí ògógóró lẹ fẹ́ máa sè?”

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀rín yẹn, nítorí n kò rò pé a ti rín irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ níbi tí mo kọ́kọ́ gbé e sí, ẹnu páìpù wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló sì ń fà. Bí mo bá ń gun òkè, ọkọ̀ a máa fà bí ẹni tí oúnjẹ kò kánú rẹ̀. Ni mo bá fi kílíìpù so páìpù gígùn kan mọ́ èyí tó ń gba afẹ́fẹ́. Mo tì í kọjá lẹ́yìn iná iwájú, mo sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà, níbi tí iná kékeré kan ti fọ́ kúrò. Afẹ́fẹ́ tútù wà níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo gbé e jáde báyìí, ọkọ̀ ta yọ lójú ọ̀nà bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Mo lọ fi han mẹkáníìkì mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, ó sì fọwọ́ kan ẹnu páìpù.

“Iṣẹ́ yín dáa, Tíṣà. Àmọ́ ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè.”

“Bí mo bá gbé e sókè, ooru ni yóò máa fà. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju gbígbóná lọ, ọ̀gá. Fíṣíìsì ni.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Òjò lèmi mọ̀.”

Mo ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà, pé bí òjò bá dé, n ó gbé e sókè. Kò bá mi jiyàn. Oníbàárà mìíràn ti ń pè é.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ọkọ̀ yẹn gbé bàbá mi lọ sí Adó láìsí wàhálà. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo yà á sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti bàbá mi. Láti kékeré mi, ohun tí ọkùnrin yẹn máa ń sọ nípa mi ni pé ọwọ́ mi kò mú nǹkan. N kò mọ àdá lò, n kò mọ kòkó fọ́, bí mo bá kọ ebè, òjò kan ni yóò wó o. Nítorí náà ni wọ́n ṣe rán mi lọ síléèwé. Lọ́jọ́ tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un ní abúlé, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà àti àpò ìtọ̀ rẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó gbé ọwọ́ lé ike ọ̀dà náà.

“Ọwọ́ rẹ lo fi ṣe èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó pe àwọn àgbẹ̀ méjì tó ń sá kòkó nítòsí. “Ẹ wá wo nǹkan tí ọmọ mi fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.”

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún lọ́jọ́ náà. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa rí mi.

Òjò dé. N kò gbé ẹnu páìpù sókè. Bí mo bá ti délé láti ilé ẹ̀kọ́, ó máa ń rẹ̀ mí, mo sì máa ń wí pé tó bá di Sátidé. Sátidé a dé, òkú a wà láti sin, tàbí ìpàdé ìjọ, tàbí kí òjò pàápàá máa rọ̀. Mo ti wa ọkọ̀ náà kọjá nínú ògbàrà nígbà bíi mélòó kan, kò sì ṣe nǹkan kan. Bí ohun tí kò dáa bá ti ṣe wá lóore lẹ́ẹ̀mẹta, a ó gbà pé ó ti dáa nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí òjò ti wọ̀ dáadáa, ìyá mi pè mí lórí fóònù nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Ìtọ̀ kò gba inú rọ́bà bàbá rẹ jáde mọ́ láti àná. Ikùn rẹ̀ ti le bí pákó. Kò gbà kí n pè ọ́, ó ní o wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo sì kọrí sí Ìsẹ̀. Kò sí òjò ní Ìkẹ́rẹ́, àmọ́ ojú ọ̀run ti ṣú níwájú mi. Nígbà tí mo dé abúlé, bàbá mi ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó fa orúnkún mọ́ àyà, eyín rẹ̀ pa pọ̀. Èmi àti ìyá mi gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá mi sì gbé orí rẹ̀ lé itan. A kò tíì dé títì tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá tó ń rọ̀ ní ìdúró.

Odò kékeré kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó dé Ìsẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti bo afárá rẹ̀. Ó pọ́n, ó ń gbé ewé àti igi kọjá lórí títì. Takisí kan wà níwájú wa. Ó dúró díẹ̀, ó wọ inú omi, mo sì ń wò ó bí omi ti dé ìdajì táyà rẹ̀. Ó jáde lódì kejì, ó tan iná, ó lọ.

Ìyá mi ní, “Ọmọ mi, ṣé a lè kọjá?”

Irọ́ ni n ó pa bí mo bá sọ pé n kò rántí páìpù náà. Mo rántí rẹ̀. Mo mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, mo sì mọ ibi tí omi ga dé lára táyà takisí. Kílíìpù kan péré ló dè é. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí mo tú kílíìpù yẹn, tí mo fa páìpù gígùn yẹn yọ, ẹ́ńjìnì ì bá máa fa afẹ́fẹ́ láti òkè. Ìṣẹ́jú méjì. Irin tí mo fi ń tú u wà lábẹ́ ìjókòó mi. Ṣùgbọ́n òjò le, bàbá mi sì ń kérora lẹ́yìn mi, ìkérora tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó dà bí ti ẹranko. Mo wí lọ́kàn mi pé bí mo bá rọra wà á, omi kò ní ga débẹ̀.

“A lè kọjá, Ìyá.”

A ti kọjá ìdajì nígbà tí ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró gbì. Kì í ṣe bí epo ṣe ń tán lára ọkọ̀ ni. Ńṣe ló dà bí ẹni pé èèyàn fi ọwọ́ dì í mú. Mo jókòó síbẹ̀ tí omi ń ti ilẹ̀kùn. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀ ṣùgbọ́n omi kò ṣe é fún pọ̀. Mo mọ̀ pé bí omi bá ti wọ inú ẹ́ńjìnì, èèyàn kò gbọdọ̀ tún gbìyànjú láti ṣíná sí i, nítorí irin ni yóò tẹ̀ bí omi bá kọ̀. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo sì tún yí kọ́kọ́rọ́ náà. Irin dún nínú ẹ́ńjìnì, “kọ́!”, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn mọ́ àfi ti òjò àti ti bàbá mi.

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tó ń bọ̀ láti oko ló bá wa ti ọkọ̀ jáde. Fóònù kò mú nẹ́tíwọ̀kì. Ọkọ̀ méjì tó dé sí òdì kejì rí omi, wọ́n yí padà. A dúró níbẹ̀ títí òjò fi rọlẹ̀ tí omi sì fà, ó sì pẹ́ gan-an. Ọ̀kadà kan ló wá gbà láti gbé èmi àti bàbá mi, ìyá mi sì dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ náà. Wọ́n gbé bàbá mi sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo fi ọ̀rá bò ó lórí, mo dì í mú mọ́ àyà mi. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Ní gbogbo ọ̀nà, bí ọ̀kadà bá ti bọ́ sínú kòtò, ó ń sọ ohun kan náà ní èdè wa, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ti ọmọdé tó ń bẹ̀bẹ̀.

“Gbé mi lọ ulé. Ulé ni kí o gbé mi lọ.”

N kò gbé e lọ sílé. Mo gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìsẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ohun tó sì jáde kò jọ ìtọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Adó. Nígbà tí a fi rí ọkọ̀, tí a sì débẹ̀, dókítà ní ìdọ̀tí inú ìtọ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ karùn-ún ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó béèrè bóyá wọ́n ti kó kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ kúrò nínú òjò. Mo ní wọ́n ti kó o. N kò mọ̀ bóyá wọ́n kó o.

Mo bi dókítà náà léèrè lẹ́yìn ìsìnkú. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi: bí a bá ti tètè dé lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kíndìnrín bàbá ti ń bàjẹ́ tipẹ́, pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà, pé kí n má dá ara mi lẹ́bi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé kò dáhùn ìbéèrè tí mo bi í.

Mẹkáníìkì mi wá fa ọkọ̀ náà kúrò lẹ́bàá odò. Nígbà tó tú ẹ́ńjìnì, irin kan nínú rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìkọ́ ìpẹja. Ó gbé e fún mi wò, kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ì bá sàn fún mi bó bá sọ ọ́. Mo ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin, wọ́n sì gé e lójú mi.

Ìyàwó mi kò dárúkọ ọkọ̀ náà mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àkókò rẹ̀ ló tó, pé bàbá jẹun kánú, pé ó fọmọ sáyé lọ. Lóòótọ́, arúgbó ni. Bí mo bá jókòó nílé ìjọsìn tí wọ́n ń dúpẹ́ fún ẹ̀mí gígùn tó lò, ẹnu mi ń ṣe àmín, ọwọ́ mi sì wà lábẹ́ ìjókòó níbi tí ẹnì kan kò ti lè rí i. N kò fi ọwọ́ yẹn tún nǹkan kan ṣe mọ́. Bí iná bá kú nínú ilé, ọmọ mi ni mo ń ní kó pe oníṣẹ́.

Ìyá mi kọ̀ láti tẹ̀ lé mi wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ó ní òun kò lè fi ibojì bàbá mi nìkan sílẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ kan, oṣù bíi mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó síwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú abọ́. A ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò máa bójú tó oko. Lójijì, láìgbójú sókè, ó bi mí léèrè:

“Takisí tó kọjá níwájú wa lọ́jọ́ náà, ṣé ike ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀ náà?”

Kò bínú. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa láti wá ìbínú níbẹ̀, bóyá ì bá ràn mí lọ́wọ́. Ńṣe ló kàn fẹ́ mọ̀. Ó ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí wá, òun tí kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀, bí ọkọ̀ kan ṣe lè kọjá kí òmíràn má lè kọjá.

“Rárá, Ìyá,” mo ní. “Tirẹ̀ kì í ṣe ti àtọwọ́dá.”

“Mo ti gbọ́,” ló wí. Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó ṣẹ́ ẹ, ó ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi hóró rẹ̀ sínú abọ́.